Àwo Mẹ́fà, Agogo Kan

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ìyáàfin Kòfowórọlá Ikúbọlájẹ́ jẹ́, ẹni méjì ló lè bi ní Bódìjà, ìdáhùn àwọn méjèèjì kò sì ní bára mu. Ṣùkúrát, ìyá Mutmainah, tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé náà tó sì ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, yóò kọ́kọ́ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró kó tó dáhùn. “Mọ́mì òkè? Òkúta ni wọ́n. Ọdún mẹ́jọ la ti jọ ń gbé ilé yìí. Wọn ò tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ mi rí, wọn ò tọrọ iṣáná, wọn ò tilẹ̀ ní kí n bá wọn ká aṣọ tí òjò bá ṣú. Ẹni tó bá le tó báyẹn, ṣé èèyàn ló fẹ́ bá gbé?” Ṣùgbọ́n bí olùbéèrè náà bá rìn dé inú ọjà Bódìjà, tó dúró níwájú fìríìsà Tàjúdéènì ẹlẹ́ja, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ọkàn ìyá náà ti rọ̀ jù. “Ẹja ṣáwá ni wọ́n ń rà, wọ́n á sì ní àwọn á yọ egungun rẹ̀ tán pátápátá. Mo ní, ‘Màmá, ọmọ ọwọ́ wo ló fẹ́ jẹ ẹ́?’ Wọ́n ní ológbò ni. Ológbò! Ìyàwó tí mo fi owó orí fẹ́ ò yọ egungun ẹja fún mi rí.”

Olóòótọ́ èèyàn ni àwọn méjèèjì. Ohun tí kálukú rí ló sọ. Ṣùkúrát rí obìnrin tí kì í tọrọ, Tàjúdéènì sì rí obìnrin tó ń fúnni. Kò wá sí ọkàn èyíkéyìí nínú wọn pé ẹnì kan náà ni, àti pé ẹni tó ti ń bu oúnjẹ fún ẹlòmíràn láti ọjọ́ tó ti pẹ́ lè gbàgbé bí èèyàn ṣe ń na àwo tirẹ̀ síwájú.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Kòfowórọlá fi jẹ́ alábòójútó gbọ̀ngàn ìjẹun ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan ní apá Àkókó. Métírọ̀n ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba àwọn ọmọ ju ẹ̀rù ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Agogo kan ni yóò lù. Gbogbo ọmọ yóò jókòó papọ̀, wọn yóò sì jẹun papọ̀. Ẹni tó bá pẹ́, àwo rẹ̀ ti padà sí kíṣìnì. Lẹ́yìn agogo, kì í dúró lórí wọn. Ìyá tó bí i ti kọ́ ọ láti kékeré pé kò gbọdọ̀ wo ẹnu ẹni tó bá ń jẹun, pé àwọn olójúkòkòrò ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà yóò wọ kíṣìnì lọ, yóò padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò sì wo àwo. Bí àwo bá mọ́, ọmọ ti yó nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí ó fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó ní láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ebi kò pa ọmọ kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn Métírọ̀n. Wọ́n fi agogo náà ta á lọ́rẹ. Pẹ̀lẹ́, abo ológbò eléérú tó máa ń ṣọ́ ìrẹsì nínú yàrá oúnjẹ, kò dúró de ẹni tí yóò ta òun lọ́rẹ; ó fò wọ inú ọkọ̀, ó sì jókòó sórí ẹrù bí ẹni tó ti sanwó.

Ilé ọkọ Kòfowórọlá ní Bódìjà ni òun àti ológbò náà bá wá. Ọdún méjì péré ni ọkọ náà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tún lò láyé. Ní ọdún kejì yìí, ó ń jẹun dáadáa, ó sì ń rù. Nígbà tí àwọn dókítà fi mọ ohun tó ń ṣe é, ó ti pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà ni àwọn ológbò yòókù bẹ̀rẹ̀ sí dé lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹni pé wọ́n ń pín àdírẹ́sì ilé náà kiri ìgboro. Baálẹ̀, akọ pupa tí orí rẹ̀ tó ọsàn ńlá, ló kọ́kọ́ wọlé. Dúdúyẹmí tẹ̀ lé e. Ẹnì kan gbé Táíwò àti Kẹ́hìndé sílẹ̀ lẹ́nu géètì nínú apẹ̀rẹ̀. Àlejò ló dé kẹ́yìn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí, orúkọ rẹ̀ kò sì tíì yí padà.

Kòfowórọlá kò mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn ń gbà bọ́ agbo. Ní aago méje òwúrọ̀ àti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó ń to àwo tánganran mẹ́fà sí fàráńdà òkè ní ìlà kan gbọọrọ, ó ń bu ẹja àti ìrẹsì rírọ̀ sí wọn lọ́gbọọgba, ó ń lu agogo, ó sì ń wọ kíṣìnì lọ. Bí ó bá padà dé, àwo mẹ́fà ti mọ́. Kò sí ìjà, kò sí ariwo. Àwọn ọmọ Àkókó gan-an kò gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ó gbé Pẹ̀lẹ́ kúrò lórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ọkàn rẹ̀ fò. Ó dà bí ẹni gbé agboòrùn tí a ti ká. Ó fi ọwọ́ tọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ka egungun ìhà bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ti ń bu ìlọ́po méjì sínú àwo Pẹ̀lẹ́. Àwo náà ń mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Pẹ̀lẹ́ tún rù sí i, Baálẹ̀ sì sanra débi pé kò lè fò dé orí fèrèsé mọ́, èyí tí Kòfowórọlá kà sí àgbà tó ń dé sí i.

Ó ń jẹun, ó sì ń rù. Ó mọ gbólóhùn yẹn. Ó mọ ibi tí ó máa ń parí sí.

Ó lu páálí kan ní ihò, ó tẹ́ aṣọ sí i, ó gbé Pẹ̀lẹ́ sínú rẹ̀, ó sì wọ takisí tó ń lọ sí Mọ́kọ́lá, níbi tí wọ́n ti sọ fún un pé dókítà ẹranko kan wà.

“Màmá, kí ló ń mí nínú páálí yẹn?” awakọ̀ bi í.

“Ológbò ni.”

“Ológbò?” Awakọ̀ náà wo dígí. “Ṣé wọ́n rán yín níṣẹ́ ni, àbí ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń ránni?”

Àwọn èrò ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín. Kòfowórọlá fi ojú gbọ̀ngàn ìjẹun wò ó. “Ó ń lọ rí dókítà. Ara rẹ̀ kò yá.”

Awakọ̀ náà kọjú sí títì. Nígbà tí wọ́n dé, òun fúnra rẹ̀ ló bá a gbé páálí náà sọ̀kalẹ̀, ó ní, “Ọlọ́run á wò ó, mà,” kò sì sí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà, Ẹ̀ríolúwa lorúkọ rẹ̀. Ó wọn Pẹ̀lẹ́, ó la ẹnu rẹ̀ wò, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí Màmá jókòó díẹ̀ ná. Wákàtí kan ni Kòfowórọlá fi jókòó lórí báńṣì onígi, tí ariwo àwọn mẹkáníìkì ń wọlé láti òpópónà. Ó ti ń ronú abẹ́ igi tí wọn yóò sin Pẹ̀lẹ́ sí nígbà tí wọ́n pè é wọlé.

“Màmá, kò sí àrùn kankan lára rẹ̀ tí mo rí. Ebi ló ń pa á.”

Kò sẹ́ni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí i lójú rí. “Ebi kẹ̀? Dókítà, tónítóní ni àwo rẹ̀ máa ń mọ́.”

“Mi ò béèrè àwo, mà. Ṣé ẹ ti fojú ara yín rí i tó ń jẹun?”

“Ta ni yóò máa wo ẹnu ẹni tó ń jẹun?”

“Ológbò ni, mà,” dókítà dáhùn jẹ́jẹ́. “Kò ní sọ pé ẹ lójú kòkòrò.”

Ó yẹ kí ojú tì í, ojú sì kọ́kọ́ tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jáde sí oòrùn pẹ̀lú páálí rẹ̀ lápá, ẹ̀rín ló pa á. Ó dúró lẹ́bàá títì Mọ́kọ́lá, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ ń fun fèrè fún un. Ebi! Nínú gbogbo ohun tó lè máa ṣe Pẹ̀lẹ́, èyí tí òun gan-an mọ oògùn rẹ̀ ni.

Ní aago márùn-ún, ó lu agogo, ó wọ kíṣìnì, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Baálẹ̀ gbé tirẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Lẹ́yìn náà, ó yí orí rẹ̀ sí Pẹ̀lẹ́. Kò ké, kò gbé ọwọ́ sókè. Ó kàn wò ó ni. Pẹ̀lẹ́, tí kò tíì tọ́ oúnjẹ wò, rọra fà sẹ́yìn bí ẹni tó rántí iṣẹ́ kan níbòmíràn, ó sì lọ jókòó sábẹ́ àga. Baálẹ̀ gba ibẹ̀. Táíwò àti Kẹ́hìndé wá lá ìyókù. Àwo mẹ́fà mọ́.

Kòfowórọlá fa aṣọ ìkélé padà, ó wá ibì kan jókòó sí. Ó rántí ọmọ kan tó máa ń jókòó ní tábìlì kẹfà ní gbọ̀ngàn Àkókó, ní ìkángun, Olúbùsọ́lá lorúkọ rẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ wá lọ́jọ́ àbẹ̀wò, ó ní, “Métírọ̀n, ọmọ mi mà rù.” Kòfowórọlá sì fi ìgboyà dá a lóhùn pé bí Ọlọ́run ṣe dá a ni, pé kò sí ọjọ́ tí àwo rẹ̀ kì í mọ́. Kò mọ ibi tí ọmọ náà wà lónìí. Bóyá bí Ọlọ́run ṣe dá a náà ni lóòótọ́.

Ó dìde. Ti Pẹ̀lẹ́ tó wà lábẹ́ àga ṣì ṣeé tún ṣe.

Àṣé kò rọrùn tó bí ó ṣe rò. Ó ti Pẹ̀lẹ́ mọ́ yàrá pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ kò wo oúnjẹ náà, ẹnu ilẹ̀kùn ló dúró sí tó ń ké. Ó ti Baálẹ̀ mọ́ balùwẹ̀. Igbe tí Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ké lé Pẹ̀lẹ́ wọ abẹ́ ibùsùn. Ó gbìyànjú kí Pẹ̀lẹ́ jẹ ṣáájú. Àwọn márùn-ún yòókù gbọ́ òórùn ẹja, wọ́n kó ara wọn sí ìdí ilẹ̀kùn bí èrò tó pé jọ sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó bá Pẹ̀lẹ́ jókòó sílẹ̀ nínú yàrá, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó sì wo ẹnu rẹ̀ láìtijú. Pẹ̀lẹ́ jẹun. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, ó sì tún ń jẹ. Inú Kòfowórọlá dùn débi pé kò fẹ́ mí sókè. Nígbà tí ó jáde sí fàráńdà, Baálẹ̀ ti jẹ tirẹ̀, ó ti jẹ ti Àlejò, ó sì ti ti àwo kan sórí àtẹ̀gùn. Àwo náà yí lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo.

Ṣùkúrát gbé e gòkè wá. “Mọ́mì, ṣé kò sí o? Láti àná la ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè.”

“Kò sí nǹkan kan. Mo ń tún ilé ṣe ni.”

“Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín ṣe é.”

“Rárá o. Ẹ ṣeun.”

Lọ́jọ́ kẹta, ó ń sáré láti yàrá dé fàráńdà, láti fàráńdà dé yàrá. Gbogbo ìgbà tí ó bá ti dìde ni Pẹ̀lẹ́ ń dẹ́kun oúnjẹ. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Ó di ògiri mú, ó sì rí ohun tí kò fẹ́ rí: ẹni méjì ni iṣẹ́ náà gbà.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago márùn-ún lù, ó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Ṣùkúrát rí i, ó yára gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Mọ́mì! Ẹ má bínú, ṣé ariwo ẹ̀rọ yìí ni? Mo ti fẹ́ dá a dúró.”

“Ẹ̀rọ kò ṣe mí ní nǹkan kan.” Ó sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó wo aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà. “Aṣọ yìí dára.”

“Ẹ ṣé, mà.” Ṣùkúrát ń retí. “Ṣé kò sí o?”

“Kò sí…” Ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró sí ẹnu. “Ó wà. Ṣé ẹ̀rù ológbò ń bà yín?”

“Èmi kẹ̀? Ilé áfáà ni wọ́n bí mi sí. Ológbò bàbá mi máa ń sùn sórí ẹní ìkírun wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé e. Ẹ̀yin ni ẹ̀rù yín ń bà mí.”

Kòfowórọlá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ya òun alára lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin àtẹ̀gùn mú.

“Ìyá Mutmainah, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi jókòó ti Pẹ̀lẹ́ nínú yàrá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, kí èmi lè máa ṣọ́ àwọn tó kù níta. Kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ má ṣe wo àwo o. Ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ máa wò.”