Ìbuwọ́lùwé Kejì Bàbá Mi

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni bàbá mi fi ń fọwọ́ òsì kọ orúkọ ara rẹ̀ lórí tábìlì ìdáná wa ní University Heights, lókè òkun níbí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá ọ̀tún, ni mo fi lọ mú un wá láti Ìbàdàn. Nígbà tí mo ń tú ẹrù rẹ̀, mo rí sọ̀wédowó arìnrìn-àjò márùn-ún nínú àpòòwé kan: bébà líle, tí wọ́n fi ìlà wẹ́wẹ́ ya òdòdó sí létí bí aṣọ léèsì.

"Dádì, kí nìyí?"

"Owó ìrìn-àjò ayé ìgbà tiwa ni. Nígbà tí mo wá kàwé níbí, a kì í kó owó gidi sápò. Lọ́jọ́ tí o bá rà á ní báńkì, wàá fọwọ́ sí i lókè. Níbi tí o bá ti fẹ́ ná an, wàá tún fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ lójú ẹni tó máa gbà á. Bí méjèèjì ò bá jọra, kò sówó. Olè tó bá jí i, bébà lásán ló jí."

Ó ní òun tọ́jú márùn-ún yẹn kí òun lè fi sanwó ọkọ̀ òfuurufú tí ìyá òun máa wọ̀ wá wo òun. Ìyá náà kú kó tó wá, kò sì wu òun láti ná an mọ́.

"Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà jù láti máa ṣọ́ bébà," ló wí.

A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí báńkì kan ní Fordham. Bàbá mi fọwọ́ sí ọ̀kan níwájú akọ̀wé báńkì, obìnrin kan tí kò tíì tó mi lọ́jọ́ orí. Ti òkè dúró ṣánṣán. Ti ìsàlẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ.

Obìnrin náà wò ó títí. "Ẹ má bínú, sà. Wọn ò jọra."

"Èmi náà ni, ọmọ mi. Ọwọ́ tí mo fi kọ tòkè ló kú."

Ojú obìnrin náà rọ̀. Ó jáde láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó jókòó tì í. Ó ní kó má fọwọ́ sí mẹ́rin tó kù, ó bá wa wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìwé náà, ó sì ní ká gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà tó máa jẹ́rìí pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ.

Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n san gbogbo rẹ̀. Bàbá mi fi owó náà ránṣẹ́ sílé, wọ́n fi tún sàréè ìyá rẹ̀ ṣe. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ fi fọ́tò sàréè náà ránṣẹ́, ó gbé fóònù mi lé itan, ó sì ń wò ó títí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fi tutù.