Ìgbà Tí Ṣàdédé Jókòó Sójú Kan

Kì í ṣe orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́ ni Ṣàdédé. Àwọn káfíńtà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un, nítorí bó bá ṣe sọ sí i lọ́kàn ló ń ṣe. Ó lè máa rẹ́ pákó lọ́wọ́, kó ṣàdédé gbé ayùn sílẹ̀, kó ní òun ń lọ wo bí odò ṣe kún tó. Ó lọ ra ìṣó lọ́jọ́ kan, ẹyẹlé ló gbé wálé. Ìṣó ńkọ́? Ó ti gbàgbé.

Kálukú ló ní ohun tó ń pe ìwà náà. Ìyá tó bí i ní ẹ̀mí ló ń gbé e. Àwọn oníbàárà ní ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìlérí rẹ̀. Ẹni tó ní kó kan àga, tábìlì ló máa bá. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tí kì í fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ní ìjì ni àbúrò òun lọ fẹ́. "Ìjì kì í sì í sọ ibi tó ń lọ fún ewé."

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í pè é ní nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì ni, ohun gbogbo létòlétò. Aṣọ funfun tó máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ti máa ń wà lára ìṣó láti ìrọ̀lẹ́. Bí ọkọ rẹ̀ bá tún ti dá àrà, á mí kanlẹ̀, á ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò ṣe sọ fún mi tẹ́lẹ̀?"

"Èmi fúnra mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀," lọkọ á fi dáhùn.

Lábẹ́lẹ̀, obìnrin náà máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bá òun fi ọkùnrin yìí sójú kan.

Àdúrà gbà, ṣùgbọ́n kò gbà bó ṣe fẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti kúrò nílé, Ṣàdédé já bọ́ láti orí òrùlé aládùúgbò kan, egungun itan rẹ̀ kán. Wọ́n tò ó, ó jinná. Dókítà ní kó máa fi ọ̀pá rìn, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin náà ò jáde. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló di ilé rẹ̀: tíì láàárọ̀, rédíò lọ́sàn-án, oorun nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló máa jẹ, á ní, "Tàná náà."

Lákọ̀ọ́kọ́, ara tu nọ́ọ̀sì. Ilé mọ́, kò sí ẹyẹlé, kò sí àlejò òjijì. Ìgbà tó yá, ìdákẹ́jẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín lára. Ó ti rí irú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù: aláìsàn tí ọgbẹ́ rẹ̀ ti jinná tán, tó wá kọjú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí wọn, ó wo yàrá yíká.

"Ọkọ rẹ ti wá dèèyàn gidi báyìí," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ohun tó o ń tọrọ nìyí."

Nọ́ọ̀sì gbé ife lọ sí kíṣìnnì, ó sì sunkún díẹ̀ níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti wọ aṣọ funfun tán, ó ti gbé báàgì kọ́ apá, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọkọ rẹ̀ tó ń ro tíì tó ti tutù. Kò mọ ohun tó bá a. Ó gbé báàgì sílẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ dìde. A ń jáde."

"Ọsibítù ni? Wọ́n ní kí n wá ni?"

"Rárá."

"Níbo wá ni?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni ń wo àjèjì. "Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Mo ti pè wọ́n." Irọ́ ni. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó wá fóònù.

Bọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n wọ̀. Nígbà tí ọ̀nà pin, awakọ̀ yíjú sí wọn: "Ẹ̀yin àgbà, ibi tí mò ń lọ nìyí o."

"Àwa náà," ni nọ́ọ̀sì dá a lóhùn.

Etí odò ni. Àwọn ọkùnrin kan ń kan ọkọ̀ ojú omi lórí iyanrìn, kò tíì parí. Ṣàdédé fi ọ̀pá rìn dé ibẹ̀, ó fọwọ́ pa pákó náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ló bá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, òun fẹ́ wọ̀ ọ́. Kí ìyàwó tó sọ pé ẹ rọra, ó ti wọlé, ó jókòó, ó sì ń na ọwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì gbé aṣọ funfun sókè, ó wọlé tọ̀ ọ́. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì jókòó sínú ọkọ̀ tí kò kúrò lójú kan, eruku pákó bò wọ́n.

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo já bọ́," ni Ṣàdédé sọ lójijì. "Mo kàn rí páànù wọn tó ń mì, mo gun òrùlé. Ìwà mi ló ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ara mi ti ń bà mí."

Ìyàwó gbọn eruku kúrò léjìká rẹ̀. "Ìwà yẹn náà ló gbé yín wá bá mi. Ṣebí ọ̀rẹ́ yín lẹ wá kí ní wọ́ọ̀dù? Ẹ rí mi, ẹ ò rántí kí i mọ́."

"Ó ṣì ń bínú sí mi," ni ọkọ wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ṣàdédé ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kì í gun òrùlé mọ́, ẹsẹ̀ ò gbà. Orí ìjókòó ló ti ń fá pákó. Ní ti nọ́ọ̀sì, ọ̀gá rẹ̀ bá a wí gan-an. Ó tẹrí ba, ó tọrọ àforíjì, inú rẹ̀ sì ń dùn títí ó fi dé wọ́ọ̀dù.