Omi Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Mu ní Etí Pápá

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ramadan, ní ago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ní pálọ̀ wa ní Peckham, ní London. Àkókò yẹn dá mi lójú, torí ìgbà yẹn gan-an ni fóònù bàbá mi pe ìrun Magrib, tí màmá mi sì gbé àwo dàbínù tí a fi ń ṣínu síwájú wa. Lójú tẹlifíṣàn, ẹ̀gbọ́n mi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní Wales, kò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti ìdájí.

Kíláàbù méjì ní London ló ti dá a padà sílé kó tó pé ọmọ ogún ọdún. Èyí tó gbà á kẹ́yìn jẹ́ ti ìlú kékeré kan tí òkè yí ká, ó sì wà nínú líìgì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Wales, líìgì tí ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ wa kò mọ̀ pé ó wà. Kí ó tó lọ, mo ka ohun tí mo rí kà nípa àwọn kíláàbù tó ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí. Púpọ̀ nínú wọn ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Òmíràn já bọ́ kò sì padà gòkè, òmíràn darapọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ tó ti bá ṣọ̀tá láti ọdún gbọọrọ, òmíràn kàn tú ká. Mo sọ fún un pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn ń fi ọkàn lé. Ó ní, "Bro, kò síbòmíì." Òótọ́ ló sọ. Àdéhùn rẹ̀ máa parí ní òpin sáà yẹn, bí wọn kò bá sì fún un ní tuntun, bọ́ọ̀lù ti tán fún un nìyẹn.

Bàbá mi ti fi ìwé àkókò ìrun mọ́sálááṣí wa ránṣẹ́ sí kíláàbù náà, kí rẹfirí lè mọ ìgbà tó yẹ kó dá bọ́ọ̀lù dúró díẹ̀ fún ẹni tó ń gbààwẹ̀. Rẹfirí náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó fọn fèrè, ó nawọ́ sí etí pápá. Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú ọ̀run, ó mi orí.

"Kí ló ń wò lókè?" bàbá mi béèrè. "Àkókò ti tó!"

"Daddy, oòrùn ò tíì wọ̀ lọ́dọ̀ wọn," mo dá a lóhùn.

"Ṣé oòrùn tiwọn yàtọ̀ sí tiwa ni?"

"Ọ̀kan náà ni, sà. Àmọ́ apá ìwọ̀-oòrùn wa ni wọ́n wà. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó wọ̀ níbẹ̀."

Màmá mi bú sẹ́rìn-ín. "Alhaji, àkókò Peckham lẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lẹ́yìn òkè. Ẹ máa jẹ dàbínù yín."

Kò jẹ ẹ́. Ó dì í mọ́wọ́.

Bọ́ọ̀lù tún bẹ̀rẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó gbá a sáwọ̀n. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, tí ojú ọ̀run ti ń ṣú lẹ́yìn òkè, bọ́ọ̀lù jáde. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè sí rẹfirí, ó sì sáré lọ sí etí pápá, níbi tí ẹnì kan ti na ìgò omi oníke sí i. Bóyá rẹfirí rí ọwọ́ rẹ̀ tàbí kò rí i, mi ò lè sọ. Kò fọn fèrè. Àwọn ọ̀tá ju bọ́ọ̀lù sínú pápá kíá, wọ́n gba ibi tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi dúró sí kọjá, wọ́n sì gbá a sáwọ̀n.

Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó bá bọ́ọ̀lù lọ sínú àwọ̀n, ó dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òǹwòran tó ń fò sókè. Nígbà tó padà, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé wà nílẹ̀ ní etí pápá, ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lé e lórí. Ẹnì kan fi ìgúnpá lu ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ọrùn, ó fi orúnkún lélẹ̀. Ẹlòmíràn sáré wá, ó gbá a lẹ́nu bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. A gbọ́ ọ. Ó dún bí ìgbà téèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ọkùnrin kan fo irin tó yí pápá ká, ó sì ń fi agboòrùn lù ú lórí, ó ń lù ú títí agboòrùn náà fi tẹ̀. Màmá mi dìde, ó gbá tẹlifíṣàn létí, bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Orí pátákó tí wọ́n fi gbé e ni ẹ̀gbọ́n mi wà tí rẹfirí fi fi káàdì pupa hàn án. Bàbá mi ṣì di dàbínù yẹn mọ́wọ́.

Egungun àgbọ̀n rẹ̀ ló ṣẹ́. Wọ́n fi wáyà de eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, ó sì padà sí Peckham pẹ̀lú ojú tó wú bí búrẹ́dì. Kíláàbù pè wá: bí ìgbìmọ̀ ìbáwí bá rí i pé òun ló kọ́kọ́ lu ẹnìkejì, kò ní sí àdéhùn tuntun. Bí kò bá jẹ́ òun, wọn yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan péré nìyẹn, mo sì rò pé mo lè dáhùn rẹ̀. Ẹni tó ṣubú sọ pé òun kàn ṣe bí ẹni ń mu omi láti fi ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀sín, ni ìkúùkù bá bà á. Agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ wa kan ní rárá, ọmọ náà ló kọ́kọ́ gbá ìgò mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú fídíò, ẹlẹ́rìí wa yìí wà ní àárín pápá, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ìgò náà wà lórí koríko, ó jìnnà sí wọn. Ẹni tó bá gbá a dànù lè mú kó débẹ̀. Ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ kó lè di ìkúùkù náà lè mú kó débẹ̀. Mo wo fídíò yẹn títí ó fi ń bọ̀ lójú àlá mi, kò sì fi kún ohun tí mo mọ̀.

Màmá mi bi í léèrè níṣojú mi. "Ṣé ìwọ lo kọ́kọ́ lu ọmọ ọlọ́mọ?"

Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé òun ò rántí.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, nígbà tí wọ́n tú wáyà náà, bàbá mi kó àwa méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Rye Lane, kí ẹ̀gbọ́n mi lè mọ́ lójú kámẹ́rà nígbà ìgbẹ́jọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà lórí àga, tó ń fi fóònù rẹ̀ han ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀ wá. Mo mọ ariwo tó ń jáde nínú fóònù náà.

"Wo this guy, fam! Ó mu omi tán, ó tún jẹ bàtà lé e!"

"Pa fóònù yẹn," onígbàjámọ̀ sọ, ojú rẹ̀ wà lára bàbá mi.

"Uncle, ẹ gbọ́ bí eyín ẹ̀ ṣe dún ná!"

Mi ò rí bàbá mi kó na ènìyàn rí. Ó dìde, ó fi ìkúùkù lu ọmọ náà létí. Àga yí, ẹ̀rọ ìgẹrun ya agbárí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn sórí aṣọ funfun tí wọ́n fi bò ó. Ọmọ náà fò dìde, ó gbá bàbá mi láyà, ẹ̀yìn bàbá mi ba dígí, dígí fọ́. Nígbà tó tún na ọwọ́, ẹ̀gbọ́n mi ti wọ àárín wọn. Àgbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná ni ìkúùkù náà bà. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò ṣubú, kò gbé ọwọ́ sókè. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìyẹn kò sọ nǹkan kan nípa ti Wales.

Lọ́jọ́ kejì bàbá mi ní ká tẹ̀ lé òun padà síbẹ̀. Ọmọ náà wà níbẹ̀, wọ́n ti rán orí rẹ̀. Bàbá mi dúró níwájú gbogbo ẹni tó ń dúró de ìgẹrun.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ lù ú," ó sọ. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ bí ẹni pé ìjà kàn ṣàdédé ṣẹlẹ̀. Èmi ni."

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "It's calm, Uncle. Mi ò mọ̀ pé ọmọ yín ni, sà."

"Bí kì í bá ṣe ọmọ mi ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo bàbá mi.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe ìgbẹ́jọ́ náà, ní kíṣínì wa. Mo ti to àwọn àwòrán inú fídíò fún un, mo sì ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ: pé kò sí ẹ̀rí tó tó, nítorí kò sí. Èmi àti bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí kámẹ́rà kò ti lè rí wa. Wọ́n bi í léèrè ta ló kọ́kọ́ na ọwọ́.

Kò wo àwọn àwòrán mi. "Èmi ni mo kọ́kọ́ lù ú," ó sọ fún wọn.

Mi ò mọ̀ bóyá ó ti rántí. Ó lè jẹ́ pé ó ti rántí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé títí di òní kò tíì rántí. Mi ò bi í. Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ náà ní ohùn rẹ̀ kò já geere, kó jọ̀ọ́ tún un sọ.

Ó tún un sọ.