Àlàfo Tí Ìyá Sìmẹ́ńtì Kò Dí

Iṣẹ́ tí Ìyá Sìmẹ́ńtì ń ṣe kò ṣòroó ròyìn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ẹni tí kò ní sùúrù kò lè ṣe é. Wọ́n ń mọ ògiri gíga sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, kí ariwo ọkọ̀ má baà máa di àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ létí. Bí ẹ̀rọ bá ti gbé àwẹ́ kọnkéré ńláńlá dúró tira wọn, òun ni yóò fi irin ìrẹ́lé ki sìmẹ́ńtì bọ gbogbo àlàfo tó wà láàárín wọn. Fọ́máànù, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, ọkùnrin ẹlẹ́nu kan, kì í yé pariwo ọ̀rọ̀ kan náà: “Ihò tó gba ìka lásán, tírélà á gbà á wọlé o!” Wọn a rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀yìn ògiri yìí lòun náà ń gbé. Ó wá kan àwẹ́ tó dojú kọ yàrá tirẹ̀, ọwọ́ kọ iṣẹ́. Ó dí òkè, ó dí ìsàlẹ̀, ó fi àárín sílẹ̀, ó sì ta àpò sìmẹ́ńtì òfìfo bo ojú ibẹ̀.

Ẹ má tíì bú u. Ọkọ rẹ̀ ló ń wa tírélà lójú ọ̀nà yìí nígbà ayé rẹ̀. Bó bá ti dé iwájú ilé, á tẹ hóònù: kúkurú méjì, gígùn kan. Ìyàwó á sáré sójú fèrèsé, á juwọ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dojú dé, ọkọ kú, ọmọṣẹ́ tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ yè é. Nígbà tí ọmọṣẹ́ di awakọ̀, òun náà ń tẹ hóònù ọ̀gá rẹ̀ bó bá ń kọjá. Bó bá ti dún, Ìyá Sìmẹ́ńtì kì í rántí ikú mọ́. “Ẹ kú ọ̀nà o, ọkọ mi!” Orí rẹ̀ á wú, torí ó dá a lójú pé baálé òun ló ń kí òun. Ta ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ dí irú ohùn bẹ́ẹ̀ pa?

Ògiri parí. Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́, àfi ilé tirẹ̀ àti ti ìyá ìkókó tó múlé tì í. Ariwo ọkọ̀ ń mú kí ìkókó náà máa ta gìrì ṣáá.

“Ìyá, ṣé asẹ́ ni wọ́n mọ fún àwa ni?” ìyá ọmọ bi í.

Ojú tì í. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń gbé ariwo náà wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, hóònù dún. Ó sáré jáde bó ti máa ń ṣe, ó ká àpò sókè, ó na ọwọ́ gba inú àlàfo, ó ń jù ú. Ọkọ̀ náà kò kọjá. Ó dúró. Ẹnì kan di ọwọ́ rẹ̀ mú láti òdìkejì.

“Yéè! Ọkọ mi!”

“Èmi ni, Ìyá. Ọmọṣẹ́ wọn ni.”

“Háà, ọmọ mi! Ọlọ́run á san án fún ọ. Hóònù yìí ló ń gbé mi ró.”

Ọmọṣẹ́ kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ dárí jì mí, Ìyá. Inú mi dùn nígbà tí wọ́n ń mọ ògiri yìí. Mo ní mi ò ní rí yín mọ́, mi ò sì ní tẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré láti fi dágbére, àfi bí mo ṣe tún rí ọwọ́ yín.”

“Kí ni hóònù ṣe?”

“Nígbà tí ọkọ̀ dà, ó jù mí síta, ó há ọ̀gá mọ́ inú, òkùnkùn ṣú, mi ò rí wọn. Hóònù yìí ni wọ́n ń tẹ̀ kí n lè mọ ibi tí wọ́n wà. Kúkurú méjì, gígùn kan. Mò ń rá pálá nínú koríko, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò tíì débẹ̀ tó fi dákẹ́.”

Gbogbo ẹ̀rín tí Ìyá Sìmẹ́ńtì ti ń rín lójú fèrèsé, ẹni tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́ ló ń rín in sí.

“Máa lọ, ọmọ mi,” ó ní nígbẹ̀yìn. “Má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má tẹ̀ ẹ́ mọ́.”

Ó po sìmẹ́ńtì, ó ń sunkún kíkankíkan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Ó dí àlàfo náà pátápátá, ó wá gbé etí lé ògiri. Àwọn ọkọ̀ ń kùn lọ lódìkejì. Kò mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọṣẹ́ nínú wọn.