Ìwé Ọ̀pẹ Tíṣà Wa

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀rín ṣì ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ká ní ẹ mọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tí mo ń ka ìwé mẹ́wàá l'Ókìtìpupa, tíṣà kan láti erékùṣù Sílóònù ló ń kọ́ wa ní físíìsì. Yàrá iwájú ilé wa l'Áyèká ló ń gbé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á tún kọ́ èmi nìkan. Èmi nìkan lọmọbìnrin tó ń ṣe físíìsì ní kíláàsì wa, ìdánwò sì ku oṣù méjì. Bí ọkùnrin yẹn bá fi kó lọ, mo ti fèèlì nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá ní kó kó lọ!

Alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Orin méjì péré ló mọ̀ dópin, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan láyé yìí tí kì í dájọ́ fún. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wá jẹ pupuru nílé wa, àfi bíi pé ìyàwó tiẹ̀ ò ní àrò. Ibi tó ti ń jẹun lọ́jọ́ kan ló ti rí tíṣà tó gbé ìwé kan síta kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, torí òjò ti mú kó rin. Ewé ọ̀pẹ ìlú wọn ni, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n dá ihò sí i, wọ́n fi okùn so ó pọ̀ mọ́ pákó méjì.

"Ọ̀pẹ!" Alàgbà fò dìde. "Ọ̀pẹ tí wọ́n fi okùn so! Oògùn rè é o!"

Lóòótọ́, lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rí màrìwò lẹ́nu ọ̀nà kì í bèèrè ìdí kó tó yà. Ṣùgbọ́n kí bàbá yìí tó fò dìde, ó ti kọ́kọ́ gbé ẹja tó wà nínú ọbẹ̀ mì.

Mo ní, "Bàbá, ìwé ẹ̀sìn wọn ni. Èdè Pálì ni wọ́n fi kọ ọ́."

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀? Ìwé tí kò ní lẹ́tà kankan! Ṣé ojú mi fọ́ ni? Tó bá di ọ̀la, kó kó ẹrù ẹ̀, ká sì sun ìyẹn níná."

Ewé náà ò ní lẹ́tà lóòótọ́, ó funfun báláú. Bàbá mi ń wolẹ̀. Ta ló fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jiyàn?

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Gẹ̀ẹ́sì fún tíṣà. Kò tiẹ̀ bínú. Ó ní láyé àtijọ́, kò sí ìwé rárá, orí làwọn àlùfáà wọn fi ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà. Wọ́n á jọ máa kà á pọ̀, bí ẹnì kan bá ṣì í, àwọn yòókù á tún un ṣe. Ìgbà tí ìyàn fẹ́ pa àwọn tó mọ̀ ọ́n tán ni wọ́n tó kọ ọ́ sórí ewé. Ó ní irin ni wọ́n fi ha lẹ́tà ẹ̀, dúdú inú ẹ̀ nìkan ló ti ṣí kúrò. Epo àti dúdú ìdí ìkòkò la nílò.

"Dúdú ìdí ìkòkò náà kọ́?" Màmá mi ti wọ ilé ìdáná. Ó ha ìdí ìkòkò, ó pò ó mọ́ àdín, ó gbé e wá. Tíṣà fi àkísà pa á sára ewé, ó nù ún kúrò. Yé! Lẹ́tà yọ, róbótó róbótó, wọ́n tò lọ bíi ẹyin! Mo pariwo, mo ń fò sókè.

"Kí ló wà níbẹ̀?" Alàgbà ò tíì gbà. "Ọfọ̀ ni!"

Tíṣà fìka tọ́ ọ, ó kà á. Mo túmọ̀ ẹ̀, mi ò fi ẹyọ kan kún un: "Bàbá, ó ní òfin àwọn àlùfáà wọn ni. Tí oòrùn bá ti kúrò látàrí, wọn ò gbọ́dọ̀ jẹun mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́."

Màmá mi wo àwo pupuru, ó wo oòrùn tó ń wọ̀.

"Bàbá, ìwé yìí mà dáa o. Ṣé kí n máa gbé àwo wọlé?"

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Níwájú ẹ̀gbọ́n ẹ̀! "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé ni o. Tíṣà ò lọ síbì kankan."

Alàgbà gbé fìlà ẹ̀, ó lọ. Tíṣà ò kó lọ, mo sì páàsì físíìsì.

Ọjọ́ kẹta ni Alàgbà tó padà wá jẹ pupuru. Àárọ̀ kùtù ló wá.