Ilé Tí Wọ́n Kọ́ fún Igi Ọsàn

Bí mo tilẹ̀ hu ewú, n kò lè gbàgbé Sátidé tí àwa ará mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham nílùú òyìnbó gba bọ́ọ̀sì lọ wo ọgbà olówó ayé àtijọ́ kan ní ìgbèríko. Ilé gíláàsì gbọọrọ kan wà níbẹ̀. Igi ọsàn ni wọ́n kọ́ ọ fún, kí òtútù má baà pa wọ́n.

Òjò bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn sá wọlé. Àkókò ìrun ti tó, ni Dádì mi bá tẹ́ ẹní sí kọ̀rọ̀ kan, wọ́n ń kírun.

Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ wá dúró lé wọn lórí. “Dìde! A kì í ṣe ìyẹn níbí!” Kò bá àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wí o.

Ẹni tó ń kírun kì í dáhùn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ náà, kò gbọ́. Ó rò pé Dádì fojú di òun ni. Bí wọ́n ṣe forí kanlẹ̀, ó fi bàtà ti ẹní náà lábẹ́ orí wọn. Ó ṣe mí bíi kí n bù ú jẹ!

Dádì parí ìrun wọn. Wọ́n yíjú sí ọ̀tún, wọ́n yíjú sí òsì níbi tí ẹ̀ṣọ́ náà dúró sí, wọ́n ní, “Àsàlámù àlékúmù.” Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

A jáde sínú òjò, a fi igi ọsàn sílẹ̀ nínú ooru. Nínú bọ́ọ̀sì, Dádì ní kí n dárí jì í. Mo ní, “Mo ti dárí jì í, sà.”

Irọ́ ni mo pa.