Sátidé Tí Wọ́n Wá Ná Mọ́tò Mi

Ọjọ́ tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé ni Sátidé tí àwọn èèyàn wá ná mọ́tò mi l'Ẹ́gàn, tí mi ò sì sọ pé mo fẹ́ tà á. Mọ́tò asáré onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Alimọ́ṣọ́, ẹ lọ béèrè.

Bí mo ṣe jí lójú oorun ọ̀sán, mo bá èrò nídìí ẹ̀. Agolo wà lórí òrùlé ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí mọ́tò títà.

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Èmi ni," ìyàwó mi dáhùn. "Mọ́tò yìí ti gba gbogbo iwájú ilé. Níbo ni kí n máa sá aṣọ sí?"

Alhájì kan rẹ́rìn-ín. "Ṣé òkú irin yìí tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́?"

Inú bí mi. Mo wọnú mọ́tò, mo ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe bú ramúramù! Adìẹ fọ́n ká, Alhájì fò sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, iye tẹ́ ẹ bá pè ni n ó san!"

Kí n tó lanu, ìyàwó mi ti jókòó sẹ́yìn bí ọ̀gá. "Alhájì, ẹ máa lọ jàre, ọkọ mi ò ta mọ́tò. Bàbá Kúdí, ẹ gbé mi lọ Ìkòtún."

Mo gbé e lọ. Gbogbo Ìgàndó ń wò wá, ìyàwó mi sì ń juwọ́ sí wọn bíi pé òun ló rà á.